Píìkì Bàbá Òjéwùmí

Òwe kan wà ní Àgọ́-Ìrókò tó máa ń rú àlejò lójú. Bí baba kan bá ti ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́lé títí ọmọ náà fi gba ojú fèrèsé sá lọ, bí ọkọ kan bá ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ìyàwó fi kó ẹrù, àwọn àgbà á mirí, wọ́n á ní, "Àfúnjù ni Ṣówándé fi sọ píìkì nù."

Píìkì ni pẹlẹbẹ kékeré tí olórin ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú láti ta okùn gìtá. Èyí kò ṣòro. Ibi tó ti ṣòro ni pé ẹni tó dẹwọ́ ló yẹ kó sọ nǹkan nù. Báwo ni ẹni tó fún un mọ́wọ́ ṣe wá sọ ọ́ nù?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Bàbá Òjéwùmí ló dá ẹgbẹ́ olórin Àgọ́-Ìrókò sílẹ̀. Ìwo ẹfọ̀n ló fi gbẹ́ píìkì rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta gìtá pẹ̀lú rẹ̀, títí ìwo náà fi ń dán bí ojú omi. Ó ní ọmọ ẹ̀yìn méjì. Ṣówándé ni àgbà, Délànà ni àbúrò.

Ṣówándé mọ orin dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni mú olè ló ṣe máa ń mú píìkì. Èékánná rẹ̀ á funfun. Okùn gìtá kì í pẹ́ já lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ adìyẹ òòjọ́ ni píìkì," Bàbá Òjéwùmí a máa wí fún un. "Mú un kó má lọ. Má fún un kó má kú."

"Ẹ̀rù ń bà mí kó má bọ́ ni, Bàbá."

"Ẹ̀rù yẹn gan-an ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ní ti Délànà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sùn. Píìkì a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èrò á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á bẹ̀rẹ̀, á mú un nílẹ̀, á ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ilẹ̀ kì í jẹ píìkì."

Ṣówándé á pòṣé. "Ẹni tí kò lè di ìwo mú, ṣé ẹgbẹ́ ló máa lè dì mú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹwọ́ díẹ̀ kí tiyín náà lè mí."

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Bí olórí bá kú, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ lé pósí, ẹni tí yóò jogún rẹ̀ á dúró létí sàréè. Gìtá olóògbé àti píìkì olóògbé ni yóò fi ta orin ìdágbére, ẹ̀ẹ̀mẹta, láìdúró. Bó bá ta á parí, ó di olórí. Bó bá dúró lágbedeméjì, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Àgbà ló ń kọ́kọ́ ta á. Ọdún méjìdínlógún ni Ṣówándé ti ń retí ọjọ́ náà.

Bàbá Òjéwùmí kú nígbà òjò. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ sin ín. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì mọ́ tán tí Ṣówándé fi lọ gba píìkì lọ́wọ́ Ìyá Àwẹ̀ró, opó Bàbá. Láti ìgbà náà kò tú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Kò bọ àwọn abánikẹ́dùn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, ọwọ́ òsì ló nà sí i.

Ẹnu ya gbogbo ilé.

"Ṣówándé," Ìyá Àwẹ̀ró ní, "ọwọ́ òsì lo fi ń jẹun nílé òkú?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ohun tó wà ní ọ̀tún mi ju oúnjẹ lọ."

Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtàrí, ìka rẹ̀ ti kú tipiri. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó dúró létí sàréè. Ó ta orin náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì. Òógùn bò ó lọ́wọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kù díẹ̀ kó parí nígbà tó rí i pé ìwo náà ń yí láàárín ìka òun. Kò burú. Ẹni tó bá dẹwọ́ díẹ̀ lè fi ìka tún un ṣe.

Ṣówándé fún un mọ́wọ́.

Ó ta yọ bí kóró ọsàn tí a fi ìka méjì tẹ̀. Gbogbo ojú ló rí i lókè. Ó bọ́ sórí pósí, ó ró kọ́, ó yọ̀ sáàárín pósí àti ògiri sàréè.

Orin dúró.

Obìnrin kan ká ọwọ́ lérí. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ sàréè. Ṣówándé ń wo ìka rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ṣì fún ara wọn pọ̀. Kò sí nǹkan láàárín wọn.

Ó kúnlẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ inú sàréè.

Igbe ta.

"Ṣówándé!" Ìyá Àwẹ̀ró ní. "Fa ẹsẹ̀ rẹ yọ! Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀, olóhun ti gbà á."

"Ìyá, ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé ó kù díẹ̀."

"Mo rí i."

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ.

Ìyá Àwẹ̀ró yíjú sí Délànà. "Kò sí píìkì mọ́, Ìyá," Délànà ní. "Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́."

"Ṣé kí bàbá yín máa dúró dè yín ni? Fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ta á."

Délànà ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òòyà rẹ̀, ó kán eyín kan níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ṣówándé kó tó gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta orin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, eyín òòyà náà yọ̀ títí dé orí ìka. Gbogbo èèyàn di èémí mú. Délànà kàn fi ìka fà á sókè. Orin kò dúró. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ṣówándé ṣì wà níbẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró padà wá. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ibi tí ìwo ti tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ jìn.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi," ó ní. "Sinmi."

Ṣówándé dúró nínú ẹgbẹ́. Abẹ́ Délànà ló wà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní ọdún kejì, Délànà gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ń lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣeré. Inú bí i. Ó ní òun yóò mú gbogbo wọn búra: ẹni tó bá tún lọ, kó má padà mọ́. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Ṣówándé dìde níbi tó jókòó sí. Ó la ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú Délànà, ó fi àtàǹpàkò hàn án. Ojú ibẹ̀ kò tíì kún.

"Àfúnjù ni Ṣówándé fi sọ píìkì nù," ó ní.

Délànà kò mú ẹnikẹ́ni búra. Kò sì sẹ́ni tó lọ.