Òkété Lọ Dúnàádúrà Nílé Ẹ̀kọ́ Orin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, mi ò gbóhùn yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi gbéra, kò bà lé igi, kò bà lé àpáta, orí Òkété ló bà lé, òun àti ọmọ Ìrè tó fẹ́ kọ́ orin.

Ní ìgbà kan rí, ilé ẹ̀kọ́ orin kan ṣoṣo ló wà nínú igbó. Odídẹrẹ́ ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ yege níbẹ̀ kò ní mọ ebi mọ́, nítorí gbogbo ìlú ẹranko ni yóò máa ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wọ́n. Ẹrù ẹyìn mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún: ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ibùsùn.

Opó ni Ìyá Ìrè. Ọmọ kan ló bí, Àkànjí lorúkọ rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá fi ìyẹ́ ha ìyẹ́, ẹni tó ń sunkún á dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ní dandan, ọmọ òun yóò lọ. Ọdún kan gbáko ló fi ń ṣa ẹyìn lábẹ́ ọ̀pẹ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ẹrù mẹ́ta fi pé. Ẹ̀yin náà mọ bí ìrè ṣe tó. Ẹ mọ bí ẹyìn ṣe tó. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò lè rù ú débẹ̀. Ló bá tọ Òkété lọ, nítorí ihò wọn kángun síra. Òkété mọ ọjà ná. Bó bá fẹ́ ra àdá, á bú àdá náà títí ẹni tó ń tà á yóò fi máa tọrọ àforíjì.

"Bàbá Òkété," ni Ìyá Ìrè wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọmọ yìí lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù. Mi ò mọ ibi tí tọdún tó ń bọ̀ á ti wá."

"Ìyá Àkànjí, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Òkété wí. "Èmi kọ́ ni wọ́n ó gba ẹrù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Òórùn ẹyìn ń wọ Òkété nímú. Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Obìnrin yìí ti yọwọ́ nínú ẹrù mẹ́ta. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ẹyọ kan, ta ló ni méjì tó kù? Ẹni tó dúnàádúrà ni. Bí wọn ò bá wá gba nǹkan kan rárá ńkọ́? Òkété yára ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ku díẹ̀ kí wọ́n dé, ó kó ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pamọ́ sínú igbó, ó sì mú ọmọ nìkan wọlé.

"Ẹrù mẹ́ta," ni Odídẹrẹ́ wí.

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ti ẹ̀kọ́ yẹn, kí la ó san án fún? Ọmọ yìí ti mọ orin tán."

Odídẹrẹ́ dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ti mọ orin tán. Ó dáa. A ò ní gba ti ẹ̀kọ́."

Òkété rí i pé ọjà ń wọ̀. "Ti oúnjẹ ńkọ́? Ọmọ yìí kì í jẹun. Ìrì ló ń lá."

"Kì í jẹun. Ìrì ló ń lá. Ó dáa. A ò ní gba ti oúnjẹ."

Àkànjí fa Òkété nírù. "Bàbá, mo máa ń jẹun." Òkété ní kó dákẹ́, pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀.

"Ó wá ku ti ibùsùn," ni Òkété wí. " Ìta ni baba ńlá wọn ń sùn. Bí ẹ bá mú un wọlé, àìsàn ni yóò ṣe é."

"Ìta ló ń sùn. Ó dáa."

Ẹni tó bá tètè gbà láti tajà lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó fẹ́ kó sínú apẹ̀rẹ̀ ẹni. Òkété kò bi í. Ó padà sínú igbó, ó ru ẹyìn lọ sí ihò rẹ̀. Ó wá lọ bá Ìyá Ìrè, ó fajú ro. "Ìyá Àkànjí, mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tọdún tó ń bọ̀." Ìyá Ìrè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sábẹ́ ọ̀pẹ.

Ilé ẹ̀kọ́ ṣe bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́. Wọn kì í jẹ́ kí Àkànjí wọ kíláàsì, ó ti mọ orin tán. Bí agogo oúnjẹ bá lù, wọn kì í fún un láwo. Bí òjò bá ń rọ̀, wọn kì í ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Àdéhùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tó di oṣù kejì, ìyẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ìró rẹ̀ kò sì dé ẹ̀yìn ògiri mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí oṣù mẹ́ta bá pé, wọn yóò dán gbogbo ọmọ wò. Ẹni tí ìró rẹ̀ bá rẹlẹ̀, ilé ló ń lọ, kò sì gbọdọ̀ padà wá láéláé.

Ìdánwò ku ọ̀la, Ìyá Ìrè wá kí ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ orin tín-ín-rín lábẹ́ fèrèsé. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, ebi ń pa mí o,
*Kínrín-kín.*
Abẹ́ fèrèsé ni mo ti ń kọ́wèé,
*Kínrín-kín.*
Òkété ní n kì í jẹun,
*Kínrín-kín.*
Ìyá tó bí mi mọ̀ pé mò ń jẹ,
*Kínrín-kín.*

Ìyá Ìrè kò sunkún. Ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́ ló gbà lọ tààrà. "Ọ̀gá, ẹrù mẹ́ta ni mo san. Kí lọmọ mi ṣe yín?"

"Ẹrù wo?" ni Odídẹrẹ́ wí. Ó wá tún gbogbo ohun tí Òkété sọ fún un sọ. Ẹ mọ Odídẹrẹ́. Ohùn Òkété gan-an ló fi sọ ọ́, àti ẹ̀rín rẹ̀, àti bó ṣe ń fa imú.

Ìyá Ìrè gbọ́ ọ tán. "Ó purọ́, mo gbà. Ṣé ojú ẹ̀yin náà ò rí ọmọ?"

Odídẹrẹ́ ní kí wọ́n lọ pe Òkété.

Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti bá a. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún, kò sì fẹ́ tu ú dànù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹ̀ lé wọn.

"Òkété, ẹrù mẹ́ta dà?"

Òkété ní èsì tó dára. Kódà, mẹ́ta ló ní, ó sì mọ èyí tó máa kọ́kọ́ lò. Ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu. Ó mi orí. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ dúró dè é. Nígbà tó yá, ó gbìyànjú láti fi igun ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹyìn kan bọ́ sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n kà á títí ó fi di mẹ́rìnlá.

Odídẹrẹ́ kọjú sí ọmọ. "Ìwọ gan-an, kí lo mọ̀?"

"Mi ò tíì mọ orin, Ọ̀gá," ni Àkànjí wí. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo máa ń jẹun, kò kàn pọ̀ ni. Òjò sì ń pa mí."

"Ilé yìí láṣà," ni Odídẹrẹ́ wí. "Ọmọ opó kì í san ti ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn kì í san ti ibùsùn. Ẹrù kan péré ni à bá gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ẹni tó mú ọ wá kò bèèrè. Ọjà ló ń ná."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìrè jókòó sílẹ̀, tó sunkún. Ọdún kan ló fi ṣa á.

Wọ́n lọ tú ihò Òkété, wọ́n kó gbogbo oúnjẹ tó wà níbẹ̀ títí ẹrù mẹ́ta fi pé. Ilé ẹ̀kọ́ gba ọ̀kan, Ìyá Ìrè gba méjì, Àkànjí sì gba ìgbálẹ̀ gbọ̀ngàn. Wọ́n sún ìdánwò Àkànjí síwájú títí ara rẹ̀ fi yá. Lọ́jọ́ tó ṣe é, ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró náà láti abẹ́ ọ̀pẹ, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí a bá rán pé kó lọ tọrọ, kó tọrọ. Bí o bá lọ sọ fún ayé pé o ò nílò ohun tí o wá gbà, ayé yóò gbà ọ́ gbọ́. Èmi ti sọ tèmi. Kí ẹni tó mọ òmíràn bọ́ síwájú.