Iṣu Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ rèé o!
Àlọ́ ń bọ̀!
Ìwọ tó ń fi ìka ro imú, yọ ọ́, kí o gbọ́.

Àlọ́ mi dá lórí Ọ̀kín, tó lọ díje iṣẹ́ àgbẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò di ọkọ́ mú rí. Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ ebè kan, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Lọ́jọ́ kejì, ó gbin èèbù kan, ó na ìyẹ́ rẹ̀ fáráyé rí. Lọ́jọ́ kẹta, ó wa iṣu tó tó itan ẹfọ̀n! Gbogbo ẹranko tó ń wòran pariwo, "Ọ̀gá àgbẹ̀!"

Ni wọ́n bá sáré gbin gbogbo èèbù tó wà nílùú. Ó di ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ọkọ́ láti wa iṣu. Ìyá Òkété, tó ń gbé abẹ́ ebè, bá fi orin bẹ̀ wọ́n. Ẹ bá mi gbè é:

Iṣu kì í ta lọ́jọ́ mẹ́ta o,
*Ẹ jẹ́ ó gbilẹ̀!*
Oṣù méje ló ń gbà o,
*Ẹ jẹ́ ó gbilẹ̀!*

Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Ìyá, ṣé tẹlifíṣọ̀n wà nínú ihò yín ni?"

Wọ́n wa ebè. Èèbù tí wọ́n gbìn náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sun ún jẹ tán. Nígbà tí ebi dé, wọ́n lọ bá Ọ̀kín: "Ọ̀gá, kí ló dé tí tiwa ò ta?"

Ó yà á lẹ́nu. "Ta ló bá yín ra iṣu lọ́jà, tó rì í mọ́ ebè?"

Ibi tí mo bá àlọ́ dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí iṣu mi ta lọ́jọ́ mẹ́ta.