Irin tí Ọ̀yà Fi Búra

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ṣebí ẹ ti jẹun. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Òótọ́ ni ìtàn yìí o. Mo búra. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi wà níbẹ̀. Àbí kí n sọ pé ẹni tó sọ ọ́ fún un ló wà níbẹ̀. Ó dáa, ẹnìkan ṣáà wà níbẹ̀. Látúndé, má wò mí bẹ́ẹ̀.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó ya kúrò lójú títì, ó kọlu Ọ̀yà, ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìgbín.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń ná ọjà, tí wọ́n sì ń wọkọ̀, Ìyá Ìgbín ní àkùrọ̀ kan létí odò. Ilẹ̀ rẹ̀ tutù, kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ló ń gbin tòmátì sí, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí. Tòmátì náà pupa bí ojú ọ̀mùtí. Àmọ́ ọjà jìnnà. Kí Ìyá Ìgbín tó fà dé ibẹ̀, tòmátì ti di omi ọbẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀yà gbọ́. Ọ̀yà ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ní ẹ́ńjìnnì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà, ó ń dán. Ó gbé e wá sí àkùrọ̀. Ó kí Ìyá Ìgbín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ ṣì ń fi àyà wọ́ lọ sọ́jà? Ẹ gba kẹ̀kẹ́ mi háyà."

"Kí ni n ó máa san, Ọ̀gá Ọ̀yà?"

"Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà mẹ́ta bá kọjá tí n kò rí apẹ̀rẹ̀ mi, àkùrọ̀ yìí di tèmi."

"Bí kẹ̀kẹ́ bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín. "Kẹ̀kẹ́ yìí? Ìyá mi, kẹ̀kẹ́ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́."

Ìyá Ìgbín gbà. Ẹ má bi mí pé ẹsẹ̀ wo ló fi ń tẹ bíréèkì. Mo ní ó gbà.

Ọjọ́ ọjà kìíní, kẹ̀kẹ́ fò bí ẹyẹ. Ìyá Ìgbín tà, ó san apẹ̀rẹ̀ háyà, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ọjà mìíràn pé, ó kó tòmátì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀... pìì. Ó tún tan án. Pìì.

Ó ránṣẹ́ pe Àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi. Òun ni mẹkáníìkì wọn nígbà náà. Àkókó ti orí bọ ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá, púlọ́ọ̀gì ò sí níbẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Irin kékeré tó ń ta iná fún ẹ́ńjìnnì. Ẹnìkan ti yọ ọ́."

Kí Àkókó tó wá òmíràn fi sí i, ọjà ti tú, tòmátì ti rà. Nígbà tí ọjà tó tẹ̀ lé e dé, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tún ti lọ. Ìyá Ìgbín ń ti kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Kẹ̀kẹ́ ọlọ́dà, dìde o,
*Jàn-án-jàn-án.*
Tòmátì mi ń jẹrà,
*Jàn-án-jàn-án.*
Ta ló wá yọ ọ́ lọ́kàn?
*Jàn-án-jàn-án.*
Ẹni tó yọ ọ́ ń kí mi,
*Jàn-án-jàn-án!*

Bó ti kọrin tán, ó yọ ojú rẹ̀ méjèèjì síta, ó tẹjú mọ́ Àkókó tó tún wá wo ẹ́ńjìnnì.

"Mẹkáníìkì, ìwọ nìkan lo mọ ibi tí nǹkan yìí ń gbé."

"Ẹ má fi mí ṣolè o! Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ san háyà, ṣé ẹ kò fi í pamọ́ sínú ìkarahun yín? Ta ló rí inú ibẹ̀ rí?"

Ọ̀yà bọ́ sí àárín wọn. Ó lọ bá Ìyá Ìgbín: "Ẹ ṣọ́ra fún Àkókó yẹn. Ṣé ẹ kò rí ẹnu rẹ̀ ni? Sípánà ni." Ó tún lọ bá Àkókó: "Ìyá yẹn ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Kí ni kò lè kó sínú rẹ̀?" Láti ọjọ́ náà, bí Àkókó bá ń kọjá, Ìyá Ìgbín á fa ìwo wọlé. Bí Ìyá Ìgbín bá sì kí Àkókó, Àkókó á kọ́kọ́ wò ó bóyá sípánà rẹ̀ ṣì wà kó tó dáhùn.

Ẹ̀yin ti mọ olè náà. Ọ̀yà ni. Bí ọjà bá ti ku ọ̀la, tí oòrùn ọ̀sán mú, tí Ìyá Ìgbín wọ inú ìkarahun lọ sùn, Ọ̀yà á gba abẹ́ koríko wá, á yọ púlọ́ọ̀gì, á sì lọ. Á wo àkùrọ̀ yíká, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. "Ìrèké ni n ó gbìn síhìn-ín. Ìrèké ni n ó gbìn sọ́hùn-ún."

Ọjà mẹ́ta tó wà nínú àdéhùn, méjì ti lọ. Nígbà tí ìkẹta ku ọ̀la, púlọ́ọ̀gì tún ti pòórá. Ìyá Ìgbín wo ibi tó bo ẹyin rẹ̀ mọ́, omijé bọ́. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yìí, ibo ni àwọn ọmọ yóò ti là? Ó nu ojú, ó fi gbogbo òru ti kẹ̀kẹ́ náà dé ọjà, ó pe gbogbo ẹranko jọ.

"Mo fura sí Àkókó. Àkókó fura sí mi. Ó ti tó. Kí gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yìí fi irin búra."

Ẹ mọ bó ṣe rí. Ògún ló ni irin. Ẹni tó bá fi eyín kan irin, tó sì purọ́, irin náà ni yóò pa á. Irin kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń gbé láti ẹnu dé ẹnu. Ọ̀yà sún sẹ́yìn. Kì í ṣe irọ́ ló ń bà á lẹ́rù o. Irọ́ ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Irin ló ń bà á lẹ́rù.

Ó ní, "Irin bàbá mi wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá, kò sí irin tó mọ òótọ́ tó o."

Nígbà tó délé, ó gé igi kan, ó gbẹ́ ẹ, ó fi èédú àti ọ́ìlì dúdú pa á lára. Igi náà ń dán bí irin. Ó fi ewé dì í mú, ó padà dé.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o! Èmi ni mo ni kẹ̀kẹ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ búra."

Àkókó rọra sún mọ́ Ìyá Ìgbín. "Ìyá, ẹni tí a kò tíì fẹ̀sùn kàn, kí ló ń sáré sí?"

"Dákẹ́. Máa wò ó."

Ọ̀yà gbé e sókè. "Bí mo bá mọ bí púlọ́ọ̀gì yẹn ṣe rìn, kí irin yìí pa mí!"

Ká ní ó kàn fi eyín kàn án ni, ìbá bọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbogbo ọjà gba òun gbọ́. Eyín Ọ̀yà àti igi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wọ́n. Ó gé e jẹ, gbàù! Ó wá nà án sí Àkókó.

"Ó yá, olè. Ó kàn ọ́."

Àkókó ya ẹnu. Ó dúró. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá Ìgbín, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ojú mi ni?"

Ìyá Ìgbín na ojú títí ó fi dé ibẹ̀. Ojú eyín ló rí, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, igi funfun sì yọ láàárín èédú.

"Ọ̀yà, irin wo ló ń gba ojú eyín?"

"Ẹn... irin bàbá mi rọ̀ ni."

"Ó rọ̀, èérún igi sì wà létè rẹ?"

Ọjà hó yèè! Wọ́n sáré lọ sí ihò Ọ̀yà, wọ́n bá gbogbo púlọ́ọ̀gì náà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n kó wọn padà sọ́jà, wọ́n ní àdéhùn ti bàjẹ́, àkùrọ̀ ṣì jẹ́ ti Ìyá Ìgbín. Àkókó gbé sípánà, ó fi lu ara kẹ̀kẹ́, gban! "Ọ̀yà, wá bu èyí jẹ!"

Ọ̀yà kó sínú koríko. Kó tó wọ inú rẹ̀ tán, ó yíjú padà pẹ̀lú omijé, ó ní, "Ìyá Ìgbín, ẹ forí jì mí." Títí dòní, bó bá gbọ́ ìró àdá lóko báyìí, eré ló máa ń sá.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnìkan bá fẹ́ fi nǹkan yá ọ, wo ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. Bí nǹkan náà bá sì ń bàjẹ́ níbì kan náà ṣáá, má kàn bèèrè ohun tó bàjẹ́. Bèèrè ẹni tí ìbàjẹ́ rẹ̀ ń ṣe láǹfààní.

Ó ku ẹyọ kan. Ibi tí Ọ̀yà ti ní kí Ìyá Ìgbín forí ji òun, èmi ni mo rọ ọ́, nítorí àwọn ọmọdé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bó ti ń sá lọ nínú koríko ló ń pariwo pé Ìyá Ìgbín ṣì jẹ òun ní apẹ̀rẹ̀ tòmátì.