Ẹ̀wà Inú Agolo

Ọjọ́ pẹ́ tí Fadérera ti ń gbọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n rán an láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni pé kó lọ fi iṣẹ́ kọ́ra nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló tó yé e.

Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì rí bí irúgbìn ṣe ń hù, ló bá gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì mẹ́fà. Àràárọ̀ ló ń bomi rin ín. Ọjọ́ kẹjọ pé, ẹyọ kan ò hù, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá tó máa fún un ní máàkì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Ni Ìbídùn, ọmọ ọdún méje, bá nawọ́. “Àǹtí, ẹ má bínú. Omi ló pa á. Ìyá mi àgbà máa ń lu ihò sí ìdí agolo kí wọ́n tó gbin ata.”

Ojú kọ́kọ́ ti Fadérera. Ó da agolo kan dé: ẹ̀wà ti rà, ó ń rùn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìbídùn, bọ́ síwájú, wá kọ́ wa.”

Wọ́n fi ìṣó lu agolo, wọ́n tún ẹ̀wà gbìn. Nígbà tí ọ̀gá dé, ewé tútù ti yọ nínú gbogbo rẹ̀.

“Ta ló kọ́ yín báyìí?” ni ọ̀gá bi àwọn ọmọ.

“Àǹtí ni!” ni àwọn ọmọ pariwo.

“Rárá, sà,” ni Fadérera wí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Ìbídùn. “Olùkọ́ tèmi nìyí.”

Ọ̀gá wo ọmọ náà, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé máàkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Fadérera.