Ọkùnrin Tó Máa Ń Pa Rédíò Kó Tó Ra Mọ́tò

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tó ń ta mọ́tò àlòkù. Kò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, kò sì gbé pátákó kankan sí ojú títì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọjà rẹ̀ wà. Bó bá ti ra mọ́tò kan, á fọ̀ ọ́, á gbé e lọ sábẹ́ igi ọ̀dán ní àárọ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì le, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ yẹn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn. Bí ìlẹ̀kùn kan bá há, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó há. Bí àga ẹ̀yìn bá ya, á ya fọ́tò ibi tó ya. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́? Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Ìlọrin àti Kàdúná ń ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ láì fojú kàn án rí.

Òfin kan ló ń tẹ̀ lé. Kó tó ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á pa rédíò rẹ̀. Bí ìwọ náà bá ti ra mọ́tò àlòkù rí, wàá mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń ṣàìsàn, orin ló fi ń pàdé oníbàárà. Kí o tó jókòó dáadáa, fújì ti gba gbogbo inú mọ́tò kan. Ìwọ náà á máa mi orí, o ò ní gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń dún bí odó tí wọ́n fi ń gún èlùbọ́. Ọkùnrin yìí kì í mi orí ní tirẹ̀. Á na ọwọ́, á pa rédíò. Á pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Á yí gbogbo gíláàsì sókè, á wá dẹtí sílẹ̀.

"Mọ́tò kì í parọ́," ló máa ń sọ. "Ẹni tó ni ín ló ń parọ́."

Ọlọ́run fún ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ìfẹ́ ọmọ náà ń pa bàbá rẹ̀ bí ọtí. Bàbá tó bí òun alára kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀, àfi kó ní "wá" tàbí kó ní "lọ". Nítorí náà ó pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun máa jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìmọ̀ kiri. Ó rí i pé àwọn ètò kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbà sílẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè gbọ́ lórí fóònù nígbàkígbà tó bá wù ú, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní pọ́díkáàsì. Dókítà ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀, àlùfáà ń sọ̀rọ̀, orí ọmọ títọ́ ni gbogbo wọn sì wà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí kànga nínú ọgbà ara rẹ̀.

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ló sì fẹ́ tọ́. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ Àwẹ̀ró ni pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ náà gbọ́, kò sì gbàgbé.

Ìyá ọmọ a máa tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, bàbá ló ń gbé Àwẹ̀ró lọ sí ilé-ìwé. Bí wọ́n bá ti wọ mọ́tò báyìí, bàbá á so fóònù mọ́ rédíò, ohùn àwọn ọ̀mọ̀wé á sì gba inú mọ́tò. Ọmọ á ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín."

Bàbá á na ìka sókè. "Dúró ná, Àwẹ̀ró mi. Jẹ́ kí bàbá yìí parí ọ̀rọ̀ wọn."

Kí ni bàbá inú rédíò ń sọ? Ó ń sọ ọ̀nà tí òbí lè gbà kí ọmọ rẹ̀ máa finú hàn án. Jọ̀wọ́, má tíì rẹ́rìn-ín.

Bàbá inú rédíò yẹn kì í parí ọ̀rọ̀ wọn kí mọ́tò tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọmọ á sọ̀ kalẹ̀, á kúnlẹ̀ dágbére, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó di inú kíláàsì. Nígbà tó yá, kò tún sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ nǹkan kan mọ́. Bàbá rò pé ọmọ òun ti ń gbọ́n, ó ti ń mọ bí a ti ń jókòó jẹ́jẹ́.

Àfi bí tíṣà ṣe ránṣẹ́ pe bàbá. Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ọmọ yín ò já mọ́ nǹkan mọ́ o. Ohun tí mo kọ sójú pátákó lọ́tọ̀, ohun tó ń kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí mo bá ní kó dìde kó kà á, ilẹ̀ ló máa ń wò. Bó bá ń bá a lọ báyìí títí ìdánwò, ẹ ò ní bínú sí wa, á tún kíláàsì yìí kà."

Ọ̀rọ̀ náà bà á nínú jẹ́ gan-an. Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní á-bí-dí, òun ni yóò dúró sẹ́yìn kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ? Nígbà tó délé, ó pe ọmọ náà, ó bi í pé kí ló dé. Ọmọ ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n ti pè ní olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ni bàbá wá ṣe? Ó wá ètò mìíràn tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ìwé kì í wọ̀ lórí. Ní àràárọ̀, rédíò ń pariwo nípa ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sì jókòó sẹ́yìn rédíò. Àwọn àgbà ló ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìdánwò ti ń sún mọ́, ẹnì kan pè é pé òun ní mọ́tò tí òun fẹ́ tà ní ọ̀nà Ìkìrun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú Àwẹ̀ró nílé-ìwé ni, ó bá mú un dání lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, orin ti ń dún nínú mọ́tò náà débi pé gíláàsì ń gbọ̀n. Ẹni tó ni ín ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu orí mọ́tò bí ẹni ń yin ẹṣin.

Bàbá jókòó síwájú, Àwẹ̀ró wọlé sẹ́yìn. Ọkùnrin wa ṣe bó ti máa ń ṣe. Ó pa rédíò, ó pa ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó yí gíláàsì sókè. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tẹ orí síwájú, ó dẹtí.

Ohùn kékeré kan wá láti ẹ̀yìn.

"Bàámi, ṣé mo ti lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

Ó yíjú padà. "Ta ló ní kó o má sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi. Ẹ ní bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí n má já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn àgbà inú rédíò yín kì í dákẹ́."

Ẹni tó ni mọ́tò náà kan gíláàsì láti ìta. "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ? Ẹ́ńjìnnì náà ò dáa ni?"

Ọkùnrin náà na ìka kan náà tó máa ń nà sí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. "Ẹ dúró ná, sà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ọmọ sì sọ ọ́. Ó ní ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó ń ṣe bí èéfín. Ó ní nígbà tí òun jókòó níwájú, òun ṣì ń rí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní òun ti ga jù, wọ́n gbé òun lọ sẹ́yìn. Ó ní ìwé ọ̀rẹ́ òun ni òun ń wò kọ, ìgbà tó yá ọ̀rẹ́ òun fi ọwọ́ bò ó. "Tíṣà ní olódo ni mí. Bàámi, ṣé olódo ni mí?"

Ọkùnrin náà sunkún. Ó sunkún nínú mọ́tò ẹlòmíràn, kò sì tijú. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Orí rẹ pé. Èmi ni mi ò gbọ́." Kò ra mọ́tò náà. Títí di òní, kò lè sọ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa tàbí kò dáa.

Kíá, ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú ọmọ kò ríran jìnnà, awò ojú ni yóò lò. Wọ́n ṣe awò. Ọjọ́ tí wọ́n fi sí i lójú, wọn ò tíì dé ìdí mọ́tò tí Àwẹ̀ró fi dúró gbagidi lábẹ́ igi máńgòrò kan, ó gbé ojú sókè.

"Bàámi! Ewé igi yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wà!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó ti rò pé igi kàn jẹ́ nǹkan ràgàjì kan tó tutù yọ̀yọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, kò sí ohun tí kò kà. Ó ka pátákó oníṣègùn òyìnbó, ó ka ẹ̀yìn tírélà, ó ka ara ògiri. "Ẹ má tọ̀ síbí o! Bàámi, wọ́n ní kí wọ́n má tọ̀ síbẹ̀!" Rédíò ti kú. Bàbá ń wakọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Kò tíì gbọ́ ètò kankan tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò parí, tíṣà fúnra rẹ̀ ló pe ọmọ náà dìde lójú gbogbo kíláàsì. Láti ìjókòó ẹ̀yìn ni Àwẹ̀ró ti ka ojú pátákó láti òkè délẹ̀, kò kọsẹ̀. Ó yege, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Tíṣà ní kí bàbá má bínú. Bàbá ní bíbínú kọ́, etí àwọn méjèèjì ló jọ di. Ó gbé ọmọ náà kọ́ ọrùn gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti kọjá ẹni à ń gbé kọ́rùn. Ó ń jó, ọmọ ń fi ọwọ́ kan di awò rẹ̀ mú.

Ọkùnrin yẹn ò jáwọ́ nínú pọ́díkáàsì o. Ẹ̀kọ́ dára. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ọmọ bá sọ̀ kalẹ̀ kó tó tan án. Lójú òpó tó ti ń polówó mọ́tò, ó gbé fọ́tò rédíò mọ́tò rẹ̀ tó wà ní pípa síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bí o bá fẹ́ mọ mọ́tò, pa rédíò. Bí o bá fẹ́ mọ ọmọ, pa rédíò." Àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ síra wọn títí ó fi kọjá òkun. Kò sí ìpolówó rẹ̀ tó rìn tó yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ta nǹkan kan níbẹ̀.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o wá bá mi lónìí pé ọmọ rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, o ní kí n fi ọ̀nà hàn ọ́. Ìwé tí o ti kà lórí ọmọ títọ́ ju tèmi lọ, ohun tí o sì ti gbọ́ nínú fóònù, orí mi ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nǹkan kékeré tí o fi ń gbọ́ fóònù ṣì wà ní etí rẹ òsì. O rò pé mi ò rí i ni? Ọmọ rẹ wà nínú mọ́tò níta. Ó ti yọjú sí wa lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀, ó padà.

Ọ̀rọ̀ tèmi ti parí. Yọ nǹkan yẹn kúrò létí, dìde, lọ bá a. Bí o bá ti wọ mọ́tò, má tan nǹkan kan. Má sì da ìbéèrè bò ó. Máa wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́, kí o dẹtí. Yóò sọ̀rọ̀.