Bí Ejò Ṣe Fi Ẹnu Yọ Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rọra wọ́ bọ̀, kò kanlẹ̀kùn, kò kágò. Kò yà sọ́dọ̀ ọba, kò yà sọ́dọ̀ ìjòyè. Orí Ejò ló lọ ká jọ sí, òun àti Alángbá àbúrò rẹ̀, àti Àwẹ̀ró, ọmọ Oyèwùsì àgbẹ̀.

Ẹ sún mọ́ iná. Ìwọ tí oorun ń kùn, máa sùn. A ò ní dúró dè ọ́.

Láyé ọjọ́un, Ejò ní ọwọ́ méjì. Ó ní ẹsẹ̀ méjì. Ó ń rìn lóòró bíi tèmi, ó ń yan bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà. Alángbá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bá a gbé àpò.

Láyé ọjọ́un náà, ọ̀rọ̀ ò tíì mọ àwàdà. Ohun tí o bá ti sọ ló máa ṣẹ. Bí o bá ní ẹ̀rín pa ọ́ kú, wọ́n á lọ gbẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, kálukú ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ejò nìkan ni kò ṣọ́ tirẹ̀. Ejò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá.

Àwẹ̀ró wá wu Ejò. Ó lọ bá Oyèwùsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́."

Oyèwùsì wò ó látòkè délẹ̀. "O mọ àṣà wa. Ẹni tó fẹ́ ọmọ mi á ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, lóko mi. Bí o bá ṣe é, mú ìyàwó rẹ máa lọ. Bí o ò bá ṣe é, má tún yà nílé mi mọ́."

"Mẹ́ta péré? Bàbá, ẹ ti lè máa di ẹrù ìyàwó."

Iṣẹ́ kìn-ín-ní dé. Oyèwùsì mú un lọ sí oko tuntun. Kùkùté kún ibẹ̀ lọ súà.

"Yọ wọ́n kúrò," ni Oyèwùsì wí.

Ejò di kùkùté kan mú, ó fà á. Kùkùté ò mira. Ó tún fà á. Kùkùté ń wò ó. Alángbá tó bá a wá ń walẹ̀ yí gbòǹgbò ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀.

"Bàbá, ó rẹ̀ mí," ni Alángbá wí.

"Akèrègbè wà lábẹ́ igi. Mumi, kí o sinmi, kí o padà wá."

Alángbá mumi, ó sinmi, ó padà.

Ó rẹ Ejò náà. Àmọ́ ṣé Ejò á ní ó rẹ òun? Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ti àwọn alángbá. Ejò na àyà, ó wú ọ̀fun. Ó ní, "Bàbá, nínú ọ̀rọ̀ kùkùté yìí, mo yọwọ́!"

Fọ̀ọ́! Ọwọ́ ọ̀tún yọ, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn ìjàlọ tí ń kọjá gbé e lọ, wọn ò tilẹ̀ béèrè pé ta ló ni ín.

Àwẹ̀ró àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ bọ̀ wá sóko. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ igbá kalẹ̀, wọ́n fi orin sẹ́nu:

*Kùkùté la ní ó yọ o,*
*Ọwọ́ ló yọ!*
*Onígbéraga, ẹ kú iṣẹ́,*
*Ọwọ́ ló yọ!*

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Alángbá wí.

"Pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Ọ̀kan ṣì kù."

Ẹ ò rí nǹkan.

Oyèwùsì fẹ́ lé e lọ. Àwẹ̀ró ló bẹ̀ ẹ́. Ká má parọ́, Ejò wu òun náà díẹ̀. Ó ga, ara rẹ̀ ń dán. Oyèwùsì ní ó dáa, òun gbójú fo ti kùkùté, iṣẹ́ méjì ló kù.

Iṣẹ́ kejì, ẹ̀wà. Ẹ̀wà ti gbẹ lóko, Oyèwùsì ní kí Ejò já a. Ọwọ́ kan ti tó láti fi já ẹ̀wà. Àwọn arúgbó ń já a, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ.

Ejò já díẹ̀. Oòrùn mú. Ó tún já díẹ̀. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó nàró, ó na àyà. Alángbá rí àyà tó nà, ó sáré wá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ẹ ní ó sú yín."

"Ó sú mi? Ṣé ọmọdé tó fẹ́ lọ họ igbá ọbẹ̀ ni mí?" Ejò kọjú sí oko. "Ẹ̀wà, gbọ́ o! Èmi Ejò, mo jáwọ́!"

Pọ́ọ́! Ọwọ́ òsì já, bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró tún gbé orin:

*Ẹ̀wà la ní ó já o,*
*Ọwọ́ ló já!*
*Onígbéraga, ẹ kú iṣẹ́,*
*Ọwọ́ ló já!*

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ tí ìyá rẹ rán ọ láàárọ̀, ṣé o ti jẹ́ ẹ? Ẹnu rẹ ti pa mọ́.

Àwẹ̀ró tún bá a bẹ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ kẹta ló wá kù. Amọ̀ ni. Wọ́n fẹ́ fi mọ ilé fún Àwẹ̀ró àti ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ amọ̀, ẹnìkan ò béèrè ọwọ́.

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ gbé omi wá, ó dúró létí kòtò amọ̀.

"Ẹ gbọ́, èyí ló kẹ́yìn. Ilé tí èmi àti ẹ̀yin máa gbé ni. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ ní ó rẹ̀ yín. Omi rèé lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àwẹ̀ró, mo ti kọ́gbọ́n. O ò ní gbọ́ ọwọ́ lẹ́nu mi mọ́."

Òótọ́ ni. Kò sì sí ẹni tó máa rí i lára rẹ̀ mọ́.

Ejò wọnú amọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ Ejò. Alángbá ní ó rẹ òun, ó mumi, ó padà sínú amọ̀. Ejò wo omi. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tínńtín ni: ó rẹ̀ mí. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Ni Ejò bá na àyà.

"Amọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ irú èmi. Ẹ wò mí dáadáa: mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!"

Afẹ́fẹ́ dé. Fẹ́ẹ́ẹ́! Ó fẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Wọ́n rékọjá orí igi, ẹnìkan ò sì tíì rí wọn di òní. Ejò ṣubú gbì, ó nà gbalaja sínú amọ̀.

*Amọ̀ la ní ó fẹsẹ̀ tẹ̀,*
*Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!*

Wọn ò kọrin náà tán. Ẹ̀rín ò jẹ́.

Ejò gbórí sókè. "Àwẹ̀ró, ìwọ nìkan ló kù fún mi. Jẹ́ kí n gbé ọ níyàwó."

Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yọ.

"Kí lẹ fẹ́ fi gbé mi?"

Ó yíjú, ó gbé omi fún Alángbá.

Alángbá ló tẹ amọ̀ yẹn tán. Òun ló mọ ilé náà, òun ló sì fẹ́ Àwẹ̀ró. Ìdí nìyẹn tí Alángbá fi ń gun ògiri láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ilé rẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí i tó ń mi orí níbẹ̀, ohun tó ń wí ni pé, "Mo sọ fún un. Mo sọ fún un."

Ejò fàyà wọ́ kúrò lóko àna. Àyà tó ń nà yẹn náà ló ń fi rìn títí dòní. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, kò rí ọwọ́ jù sí yín, ẹnu ló kù tó fi ń kíni. Ẹ sì mọ bí ìkíni ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé oko tí wọ́n ro dé ìdajì tí wọ́n pa tì, ilé tí wọ́n mọ dé ojú fèrèsé tí wọ́n fi sílẹ̀, Ejò ló ń gbé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Níbi tó bá wà, bó bá ṣáà ti gbọ́ tí ẹnìkan na àyà, tó ní, "Mo ti jáwọ́," á di ẹrù rẹ̀, á ní, "Ẹbí mi ń pè mí."

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ilé àpatì kan wà lẹ́yìn odi wa níbẹ̀ yẹn. Ẹ wọlé lọ bi onílé. Àmọ́ ẹ mú ọ̀pá dání, kí ẹ sì má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.