Ihò Kẹrin Lára Ilẹ̀kùn Irin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń tòògbé wọ̀nyí!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Àkókó alágbẹ̀dẹ, ó sì bà lé orí Ẹkùn. Ẹ sún mọ́ra yín dáadáa, nítorí àlọ́ yìí máa ń ba èmi tí mò ń pa á gan-an lẹ́rù.

Ní àkókò kan, Ẹkùn sọ abúlé àwọn ẹranko di ibi tí ó ti ń jẹun. Ọ̀sán gangan ló máa ń wá, nígbà tí àwọn òbí bá wà lóko. Ilẹ̀kùn onígi kò lè dá a dúró. Gbà! ni yóò fọ́ ọ, yóò sì gbé ọmọ lọ. Ó ti gbé ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Etu bí. Ó ti gbé méjì nínú àwọn ọmọ Òkété. Ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ tó kù lọ sínú ilé kan tó wà nínú àpáta, wọ́n sì wá irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, tó le koko, láti fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà ní igun mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ kí Àkókó lu ihò kan sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wà nínú ilé lè ti ọ̀pá irin gba inú ihò náà wọnú àpáta. Wọ́n ṣe àdéhùn igbá èsúnsún díndín kan fún ihò kan.

Àkókó mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Nínú àgbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó de irin náà mọ́lẹ̀ pinpin kó má baà yí. Ó fi ẹnu ìṣó sàmì síbi tí ihò yóò wà. Ó kán epo sí i. Ó wá mú ìlu rẹ̀, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu ihò, ó ń yí i: kìrì, kìrì, kìrì. Bí irin bá gbóná, á dúró kó tutù. Bí ẹnu ìlu bá kú, á pọ́n ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lu ihò mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbọ́ pé ọ̀pẹ kan wó létí odò, kòkòrò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Kò kán epo. Kò pọ́n ìlu. Ó kàn gbé gbogbo agbára lé e, ó ń yí i wìrìwìrì. Ìlu ń fi ara ha irin, kò jẹ ẹ́; ojú ibẹ̀ gbóná, ó ń dán, ó sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fíììì! ni ó ń ké. Ihò náà kò dé ìdajì.

Àkókó ní, "Mẹ́ta náà tó. Ta ni yóò wọ inú irin lọ wò ó?"

Ó gé ọ̀pá kẹrin kúrú, kí orí rẹ̀ lè bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ó fi ahọ́n kan irin, ó ní iṣẹ́ ti parí. Láyé ìgbà náà, bí alágbẹ̀dẹ bá ti fi ahọ́n kan irin, ẹnikẹ́ni kì í tún yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìwọ̀sí ni wọ́n kà á sí. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sẹ́nu ilé àpáta, wọ́n sì gbé igbá mẹ́rin fún un. Ó gbà á, ó sì sáré lọ sídìí ọ̀pẹ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, òjò lé àwọn àgbà kúrò lóko. Gbogbo wọn wà nínú ilé àpáta pẹ̀lú àwọn ọmọ, Àkókó náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀: pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀. Ìyá Etu yára ti ilẹ̀kùn, ó ti ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú ihò. Ilé ṣókùnkùn. Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí kọrin lóde, àwọn ọmọ sì ń dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ilẹ̀kùn irin, ta ló kàn ọ́?
Ègbè: Àkókó ni, ihò mẹ́rin pé!
Lílé: Bí mo bá tì ọ́, ṣé wàá yẹ̀?
Ègbè: Àkókó ni, ihò mẹ́rin pé!
Lílé: Ọmọ inú ilé, ẹ̀rù ò bà yín?
Ègbè: Àkókó ni, ihò mẹ́rin pé!

Ẹkùn fi èjìká ti igun àkọ́kọ́. Gbì! Kò mì. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àkókó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òkúta ńlá kan wà láàrin ilé. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, wọ́n lè yí i ti igun kẹrin. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bóyá kò ní dé ibẹ̀."

Lílé: Ilẹ̀kùn irin, ta ló kàn ọ́?
Ègbè: Àkókó ni, ihò mẹ́rin pé!

Gbì! Igun kejì. Kò mì. Ìyá Etu fọwọ́ kan èjìká Àkókó nínú òkùnkùn.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ kú iṣẹ́. Ká ní ilẹ̀kùn yìí ti wà nígbà tí ọmọ mi..."

Òtítọ́ dé ọ̀nà ọ̀fun Àkókó, ó gbé e mì.

Gbì! Igun kẹta. Kò mì. Ìgbà yìí ni Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí wá Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ kiri, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tíì hù tán. Ohùn Àwẹ̀ró ló gbọ́ níbi igun kẹrin; ọmọ náà ti fẹ̀yìn tì í, ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá jókòó síbí! Bàbá mi ló ṣe é!"

Lóde, èékánná ń bọ̀ lára irin: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, kúrò níbẹ̀!" Àkókó figbe ta. "Mi ò lu ihò kẹrin já! Irọ́ ni mo pa! Ẹ yí òkúta, ẹ gbà mí!"

Gbà! Ọ̀pá kúkúrú já bọ́ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọwọ́ Ẹkùn sì tẹ̀ lé e, ó gbá ìrù Àwẹ̀ró mú. Àkókó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fà, Ẹkùn náà ń fà, ọmọ ń ké. Fàà! Gbogbo ìyẹ́ ìrù rẹ̀ tu. Ìyá Etu àti Òkété yí òkúta náà bìrì, wọ́n fẹ̀yìn tì í títí ó fi rẹ Ẹkùn, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni kò na Àkókó. Ìyá Etu kàn ní, "Ẹ lọ gbé ìlu yín wá."

Ó lu ihò náà lójú gbogbo wọn, pẹ̀lú epo, pẹ̀lú sùúrù, títí ìmọ́lẹ̀ fi yọ. Ó fi ahọ́n kan irin. Ìyá Etu kò wo ahọ́n rẹ̀; inú ihò ló wò. Òkété wò ó. Gbogbo wọn wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró ló wò ó kẹ́yìn. Ọmọ tí kò ní ìrù mọ́ yìí rọra na ọrùn, ó gbé ojú lé ihò tí bàbá rẹ̀ lu, ó wò ó pẹ́, kí ó tó lọ jókòó. Àkókó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sunkún.

Àlọ́ mi kò kọjá ibẹ̀, mo ti ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé kí á má ṣe iṣẹ́ dé ìdajì kí á sọ pé ó parí, nítorí ọmọ tiwa gan-an lè fẹ̀yìn tì í. Bí ẹ bá sì ti ṣe é láṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí Ẹkùn ṣì wà ní igun àkọ́kọ́.